William Marshal: Ọmọ Ìdógò Tí Ó Di Adelé Ọba

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1216, ní ìlú Gloucester ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dé ọmọ ọdún 9 kan ládé. Henry ni orúkọ rẹ̀, àkọ́bí Ọba John tí ó wàjà ní nǹkan bí ọjọ́ 10 ṣáájú. Ìjọba tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti dàrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà ti kẹ̀yìn sí ààfin. Louis, àrẹ̀mọ ọba Faransé, ti sọdá òkun pẹ̀lú ọmọ ogun, ó sì ti wọ Lọ́ńdọ̀nù. Westminster, níbi tí wọ́n ti máa ń dé ọba ládé, wà lọ́wọ́ ọ̀tá, kò sì sí owó nínú àpò ìjọba.

Ẹni tí wọ́n fi ọmọ náà lé lọ́wọ́ ni arúgbó jagunjagun kan tí ó ti sún mọ́ ẹni 70 ọdún. William Marshal ni orúkọ rẹ̀. Ọba mẹ́rin ni ó ti sìn ṣáájú ọmọdé yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó sin ọba kankan rárá, òun náà ti jẹ́ ọmọdé tí ìjà àwọn ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, bàbá tí ó bí i lọ́mọ ni ó sì fi í sí ẹnu ikú.

Ilé tí a bí i sí

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, Marshal kì í ṣe orúkọ ìdílé. Orúkọ oyè ni. Ẹni tí ó bá jẹ oyè náà ní ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bójú tó ẹṣin ọba, tí ó sì ń rí sí i pé gbogbo nǹkan wà létòlétò ní agbo ilé ọba. Gilbert, bàbá bàbá William, ni ó jẹ oyè náà nígbà ayé Ọba Henry Kìíní. John, ọmọ Gilbert, jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí oyè náà ṣe ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ni ó fi di orúkọ tí a fi ń pe ìdílé náà. Wọn kò sí lára àwọn ìdílé ńlá ilẹ̀ náà nígbà náà. Ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n, tí wọ́n ní ilẹ̀ díẹ̀ àti okun púpọ̀.

Nígbà tí Ọba Henry Kìíní kú ní 1135, ọmọbìnrin rẹ̀, Matilda, ni ó fẹ́ kí ó jogún òun. Ṣùgbọ́n Stephen, ọmọ arábìnrin ọba náà, yára gba adé. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó sì jà fún nǹkan bí ogún ọdún. John Marshal kọ́kọ́ wà lẹ́yìn Stephen, lẹ́yìn náà ó yí sí ọ̀dọ̀ Matilda. Ẹni líle ni. Nínú ogun kan ní 1141, ilé ìsìn tí ó sá sí gbiná, òjé yíyọ́ láti òrùlé kán sí i lójú, ojú rẹ̀ kan sì fọ́. Kò tìtorí èyí jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹni tí ó ń bá a jà ní ìtòsí ilé rẹ̀ ni Patrick, tí ó di Earl ti Salisbury. Láti parí ìjà náà, John kọ aya rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́ Sybil, arábìnrin Patrick. Nínú ìgbéyàwó àlàáfíà yìí ni a ti bí William, ní nǹkan bí 1147. Ọmọkùnrin kẹrin ni ó jẹ́ fún bàbá rẹ̀, nítorí náà kò sí ogún kan pàtó tí ó ń dúró dè é.

Ọmọdé lẹ́sẹ̀ igi ìsokọ́

Ní 1152, Ọba Stephen dó ti ilé olódi John Marshal ní Newbury. Oúnjẹ àwọn tí ó wà nínú odi kò tó. John bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun sinmi fún ìgbà díẹ̀, kí òun lè gba àṣẹ lọ́wọ́ Matilda kí òun tó jọ̀wọ́ odi náà. Ọba gbà, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí ó fi ọmọ dógò. William, tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 5, ni bàbá rẹ̀ fà kalẹ̀. Nígbà tí ogun sinmi tán, John kò jọ̀wọ́ odi. Oúnjẹ àti ọmọ ogun tuntun ni ó kó wọ inú rẹ̀. Ó ti da májẹ̀mú, ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ sì ti di ti ọba.

Wọ́n ránṣẹ́ sí John pé wọn yóò so ọmọ rẹ̀ kọ́. Èsì bàbá náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òpìtàn títí di òní: ó ní owú àti òòlù tí òun lè fi rọ ọmọ mìíràn tí yóò dára ju èyí lọ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n bá mú ọmọ náà lọ sí ìdí igi. Ọmọdé náà kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ó rí ọ̀kọ̀ dáradára kan lọ́wọ́ ìjòyè kan, ó sì ní kí wọ́n gbé e fún òun kí òun fi ṣeré. Àánú ṣe ọba. Ó gbé ọmọ náà padà sí àgọ́, ó sì kọ etí dídi sí gbogbo ẹni tí ó ń gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa á. Ìtàn náà tún sọ pé ní ọjọ́ kan, wọ́n bá ọba àti ọmọ ìdógò náà nínú àgọ́ níbi tí àwọn méjèèjì ti ń fi igi ewéko ṣe eré ogun.

Stephen kì í ṣe ọba tí àwọn òpìtàn máa ń yìn púpọ̀. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ rọ̀ jù fún ẹni tí ó gba adé pẹ̀lú ipá. Ṣùgbọ́n rírọ̀ ọkàn yẹn ni ó dá ẹ̀mí William sí. Nígbà tí àlàáfíà dé ní 1153, ọmọ náà padà sílé.

Ẹni tí kò ní ju ẹṣin kan lọ

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 12 tàbí 13, wọ́n rán an lọ sí Normandy, ní òdìkejì òkun, sí ọ̀dọ̀ William ti Tancarville tí ó jẹ́ ìbátan ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń gun ẹṣin, bí a ti ń lo ọ̀kọ̀ àti idà, àti bí a ti ń hùwà nílé ọlọ́lá. Bàbá rẹ̀ kú ní 1165, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un. Ní nǹkan bí 1166, wọ́n sọ ọ́ di akọni ẹlẹ́ṣin. Ogun àkọ́kọ́ tí ó jà, ní Drincourt, kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó jà tọkàntọkàn, wọ́n pa ẹṣin rẹ̀, kò sì mú ẹnikẹ́ni lẹ́rú ogun. Níbi àsè lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjòyè kan fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní kí ó fún òun ní okùn ẹṣin kan lára ìkógun rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kò ní èyí tí yóò fún un.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé lọ sí ibi ìdíje ogun. Ìdíje ogun láyé ìgbà náà kì í ṣe eré lásán. Àwọn ẹlẹ́ṣin a pín sí ẹgbẹ́ méjì, wọn a sì kọlu ara wọn lórí pápá gbalasa. Ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn a gba ẹṣin àti ìhámọ́ra rẹ̀, a sì gba owó ìràpadà. Ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé nígbà kan òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ mú ẹlẹ́ṣin 103 láàárín oṣù 10. Lẹ́yìn ìdíje kan ní Pleurs, wọ́n wá a kiri láti fún un ní ẹ̀bùn olúborí. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bá a. Ó ti gbé orí lé owú, alágbẹ̀dẹ sì ń gbìyànjú láti yọ àṣíborí tí wọ́n ti lù wọ́ mọ́ ọn lórí.

Ní 1168, àwọn ìjòyè Lusignan pa Patrick, arákùnrin ìyá rẹ̀, lójú ọ̀nà ní Poitou. William fi ẹ̀yìn ti igbó, ó jà títí ọ̀kọ̀ fi gún un ní itan, wọ́n sì mú un nígbèkùn. Olorì Eleanor, aya Ọba Henry Kejì, ni ó san owó ìràpadà rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, wọ́n dé Henry Ọ̀dọ́, ọmọ Henry Kejì, ládé nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n sì fi William sí agbo ilé rẹ̀ láti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ogun. Henry Ọ̀dọ́ bá bàbá rẹ̀ jagun lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1183 láìjọba, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni ó pa á. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì bẹ William pé kí ó bá òun san ẹ̀jẹ́ náà. William gbé aṣọ alágbèlébùú olúwa rẹ̀, ó sì lọ. Kò padà títí di nǹkan bí 1186.

Aya tí ó gbé ilé wọlé

Ní 1189, Richard, ọmọ Henry Kejì mìíràn, dìde ogun sí bàbá rẹ̀. William dúró ti ọba arúgbó náà. Nígbà tí ọba ń sá kúrò ní Le Mans, Richard ń lé e láìwọ ìhámọ́ra ogun. William kọjú sí i. Ó lè pa á, ṣùgbọ́n ẹṣin Richard ni ó fi ọ̀kọ̀ gún, ìlépa náà sì dópin. Láìpẹ́, ní ọjọ́ 6 oṣù keje, Henry Kejì kú, ọmọ tí William dojú ọ̀kọ̀ kọ sì di ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òpin ti dé bá a. Richard bi í bóyá ó fẹ́ pa òun lọ́jọ́ náà. William dáhùn pé bí òun bá fẹ́ pa á, ọwọ́ òun ì bá tẹ̀ ẹ́. Ọba tuntun dárí jì í, ó sì mú ìlérí tí bàbá rẹ̀ ti ṣe fún un ṣẹ ní ti ìyàwó.

Ìyàwó náà ni Isabel de Clare. Ọmọ ọdún 17 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. William ti lé ní 40. Ìtàn ilé Isabel ga ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ni Richard de Clare tí àwọn ènìyàn ń pè ní Strongbow, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó ogun wọ Írẹ́lándì. Ìyá rẹ̀ ni Aoife, ọmọ Diarmait Mac Murchada, ọba Leinster. Nígbà tí wọ́n lé Diarmait kúrò lórí oyè, ó sọdá òkun lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó fi fún Strongbow. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ọba Leinster ṣe wà lára Isabel. Ilẹ̀ Leinster, odi Striguil ní Wales tí a ń pè ní Chepstow lónìí, àti ilẹ̀ ní Normandy bá a wá. Ọkùnrin tí kò ní ẹṣin kejì ní Drincourt di ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ó tóbi jù ní ìjọba náà. Ní 1194, lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oyè Marshal bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 1199, ní ọjọ́ tí wọ́n dé John ládé, wọ́n fi í jẹ Earl ti Pembroke.

William kò ṣe bí ẹni pé òun ni ó ni ogún náà. Nígbà tí Ọba John bínú sí i ní 1207 tí ó sì pè é padà láti Írẹ́lándì, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ ní Kilkenny, ó mú Isabel tí oyún wà nínú rẹ̀ jáde síwájú wọn. Ó sọ fún wọn pé nípasẹ̀ obìnrin yìí nìkan ni òun fi ní ohunkóhun ní ilẹ̀ náà, pé òun ni olúwa wọn nípa ìbí, kí wọ́n sì dáàbò bò ó títí òun yóò fi dé. Àwọn tí ọba tì lẹ́yìn kọlu ilẹ̀ náà nígbà tí kò sí nílé. Isabel dúró, àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró tì í, ọ̀tá kò sì rí ilẹ̀ náà gbà.

Ìjà òun àti John ní èrò mìíràn nínú. Ọba béèrè pé kí ó fi ọmọ dógò, William sì fi àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́, William kékeré àti Richard. Ọmọ ìdógò àná ti di bàbá ọmọ ìdógò. Ṣùgbọ́n kò ṣe bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Kò dìtẹ̀, kò da májẹ̀mú. Ó fara da ìbínú ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún títí John fi tún nílò rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì padà sílé láìfarapa.

Adelé ọba

Ní oṣù kẹfà ọdún 1215, àwọn ìjòyè tí inú ń bí fi ipá mú kí John fi èdìdì sí ìwé àdéhùn tí a mọ̀ sí Magna Carta. William wà lẹ́yìn ọba, ó sì wà lára àwọn tí ó ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ ọba. Àkọ́bí rẹ̀ wà ní òdìkejì; ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè 25 tí wọ́n yàn láti rí i pé ọba mú àdéhùn náà ṣẹ. Láìpẹ́, Póòpù fagi lé ìwé náà, ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì pe Louis wá láti Faransé.

Nígbà tí John ń kú lọ, ó ní kí wọ́n fi ọmọ òun lé William lọ́wọ́. William ni ó sọ ọmọ náà di akọni ẹlẹ́ṣin kí wọ́n tó dé e ládé. Kò yára gba iṣẹ́ adelé. Ó ní òun ti darúgbó, ó sì tọ́ka sí Earl ti Chester. Chester kọ̀, ó ní kò sí ẹni tí ó yẹ ju William lọ. Aṣojú Póòpù, Guala, rọ̀ ọ́. Ní òru ọjọ́ náà ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, John ti Earley, sọ fún un pé bí gbogbo ènìyàn bá tilẹ̀ kọ ọba sílẹ̀, ọlá ńlá ni yóò jẹ́ fún un pé òun dúró. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní bí gbogbo ayé bá kọ ọmọ náà sílẹ̀, òun yóò gbé e sí èjìká, òun yóò gbé e láti erékùṣù dé erékùṣù, bí ó tilẹ̀ gba kí òun máa tọrọ oúnjẹ jẹ. Ìtàn kò sọ bóyá ó rántí àgọ́ Stephen nígbà tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tí ó mọ̀ bí ó ti rí láti jẹ́ ọmọdé tí àgbà fi sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe kì í ṣe ti idà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1216, òun àti Guala tún Magna Carta gbé jáde ní orúkọ ọba ọmọdé, wọ́n sì fi èdìdì tiwọn sí i. Wọ́n yọ àwọn ìlà tí ó fi ìdè sí ọba jù kúrò, wọ́n fi àwọn tí àwọn ìjòyè ń béèrè sílẹ̀. Ìdí tí ọlọ̀tẹ̀ fi ń jà tí di ohun tí ààfin fi fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àkọ́bí William pàápàá padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni idà. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1217, ogun Louis dó ti odi ìlú Lincoln, èyí tí Nicola de la Haye, obìnrin tí ó ti dàgbà, ń ṣọ́ fún ọba. William kó ọmọ ogun lọ gbà á sílẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná sí ìjà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọ ogun láìdé àṣíborí. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó rán an létí. Wọ́n ṣẹ́gun. Count ti Perche, ọ̀gágun Faransé tí ó jẹ́ ìbátan William, kú lójú ìjà náà, ó sì dun arúgbó náà. Àwọn aṣẹ́gun kó ìlú náà, àwọn ará ìlú tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì jìyà púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọkọ̀ ojú omi ọba ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ Faransé nítòsí Sandwich. Ní oṣù kẹsàn-án, Louis gbà láti lọ. William fún un ní 10,000 máàkì kí ó lè tètè padà sílé. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún Magna Carta gbé jáde lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ìwé àdéhùn mìíràn tí ó dá ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí igbó padà fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí John fi ogun kọ̀ ni arúgbó yìí sọ di òfin tí ó dúró.

Ikú ní Caversham

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1219, àìsàn dá William dúbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun lọ sí Caversham, ilé rẹ̀ létí odò Thames, kí òun lè kú sílé. Ó pe ọba ọdọ náà sí ìdí ibùsùn rẹ̀, ó sì fi í lé aṣojú Póòpù, Pandulf, lọ́wọ́. Kò fi í lé ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ilẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé owú yóò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ó gba ọmọ náà nímọ̀ràn láti jẹ́ ẹni rere.

Nígbà tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù, ó ti ra aṣọ òkú ara rẹ̀, ó sì ti fi pamọ́ fún nǹkan bí 30 ọdún láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó tún ti ṣèlérí láti kú gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ajagun-sin-Ọlọ́run tí a ń pè ní Templar. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ fẹnu ko obìnrin lẹ́nu mọ́. Kí ó tó wọ aṣọ wọn, ó pe Isabel, ó ní kí ó fẹnu ko òun lẹ́nu fún ìgbà ìkẹyìn. Àwọn méjèèjì sọkún. Ní ọjọ́ kan, ó wù ú láti kọrin, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ènìyàn yóò rò pé orí òun ti dàrú. Ó pe àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n sì kọrin fún un.

Akọ̀wé kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ta aṣọ olówó iyebíye 80 tí ó wà nílé, kí ó fi owó náà tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. William bínú. Ó ní ọdún ti ń sún mọ́lé, ìgbà tí àwọn akọni rẹ̀ máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ òun, èyí sì ni ìgbà ìkẹyìn. Ó ní kí wọ́n pín in fún wọn. Nígbà tí wọ́n sọ pé kí ó dá gbogbo ohun tí ó gbà níbi ìdíje padà, ó ní ẹlẹ́ṣin 500 ni òun ti mú, kò sì sí bí òun ti lè dá tiwọn padà. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, wọ́n sì sin ín sí Ilé Ìsìn Templar ní Lọ́ńdọ̀nù. Isabel tẹ̀ lé e ní ọdún kejì.

Ọmọkùnrin 5, ọmọbìnrin 5

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọmọ mẹ́wàá tí ó dàgbà ni William àti Isabel fi sílẹ̀ sáyé. Ẹni tí ó bá rí ilé náà ní 1219 kò lè rò pé yóò tán.

William kékeré, tí ó fẹ́ arábìnrin ọba, kú ní 1231 láìbímọ. Richard tẹ̀ lé e. Ó dìde lòdì sí Ọba Henry, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣèlérí láti gbé sí èjìká, nítorí àwọn olùdámọ̀ràn tí ọba fi jọba lé àwọn ìjòyè lórí. Wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́ ní Curragh ní Írẹ́lándì, ó sì kú ní Kilkenny ní 1234. Gilbert ṣubú lórí ẹṣin níbi ìdíje ogun ní 1241, eré tí ó sọ bàbá rẹ̀ di olówó ni ó pa á. Walter kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1245. Anselm, àbíkẹ́yìn, kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ọmọ sílẹ̀ tí ó lè jogún.

Matthew Paris, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní St Albans, sọ ìdí tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́. William ti gba ilẹ̀ méjì lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Ferns ní Leinster, bíṣọ́ọ̀bù náà sì yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. William kò dá ilẹ̀ náà padà títí ó fi kú. Bíṣọ́ọ̀bù lọ bá ọba, ó lọ sí ìdí ibojì, ó ní bí wọ́n bá dá ilẹ̀ náà padà, òun yóò tú òkú náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ kọ̀. Ó sì gégùn-ún pé orúkọ ilé náà yóò parẹ́, ogún wọn yóò sì fọ́nká. Nígbà tí Matthew ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àbájáde ti hàn sójú gbogbo ayé. Ìtàn náà fi ojú kejì ọ̀rọ̀ hàn pẹ̀lú. Olóòótọ́ ni William sí ọba rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Írẹ́lándì kan, ẹni tí ó jókòó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Síbẹ̀, ilé náà kò parun. Àwọn ọmọbìnrin ni ó gbé e. Matilda, Isabel, Sibyl, Eva àti Joan ti wọ ilé àwọn ìjòyè ńlá, àwọn àti ọmọ wọn sì pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà márùn-ún. Oyè Marshal bọ́ sọ́dọ̀ Roger Bigod, ọmọ Matilda. Isabel bí ọmọbìnrin tí wọ́n sọ ní orúkọ òun. Ọmọbìnrin náà fẹ́ Robert Bruce, ọmọ-ọmọ wọn tí ó ń jẹ́ Robert sì di ọba Skọ́tlándì ní 1306. Oyè náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìyípadà, wà lọ́wọ́ ìdílé Duke ti Norfolk lónìí. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó ṣètò ìwúyè Ọba Charles Kẹta ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ìwé tí ó sọnù

Kí àwọn ọmọkùnrin náà tó kú, wọ́n ṣe ohun kan tí kò tán. William kékeré pe akéwì kan, òun àti John ti Earley sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bàbá rẹ̀ fún un. Ní nǹkan bí 1226, akéwì náà parí ewì tí ó ju ìlà 19,000 lọ ní èdè Faransé tí àwọn ọlọ́lá ń sọ nígbà náà. Nínú ewì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ wà: ọ̀kọ̀ tí ọmọdé tọrọ, owú alágbẹ̀dẹ, orin àwọn ọmọbìnrin. Ìdílé ni ó kọ ọ́, nítorí náà ó yin ẹni tirẹ̀. Ó yẹ kí a máa fi ti Matthew Paris wò ó.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó là á já. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà. Ní 1861, ọ̀mọ̀wé Faransé kan, Paul Meyer, rí i fìrí níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlòmíràn sì rà á lọ. Ogún ọdún ni ó fi wá a kó tó tún rí i ní 1881. New York ni ìwé náà wà lónìí. Ère òkúta tí wọ́n gbẹ́ sórí ibojì William ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì bà á jẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn.

Ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí ti di ti ẹlòmíràn. Odi tí wọ́n mọ ti di àlàpà. Ohun tí ilé Marshal fi kù sáyé nìyí: àwọn ọmọbìnrin tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ, àti ẹnì kan tí ó rántí láti pe akéwì kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó kú tán.